Ẹrù òkè òkun dé Àkókó: Ẹ ka ẹ̀yìn ṣájà kí ẹ tó so ó mọ́ iná

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ní ọmọ tàbí àbúrò ní Amẹ́ríkà tàbí Ìlú Ọba. Kọ̀ǹpútà alágbèéká fún ọmọ tó ń kàwé ní Yunifásítì Adékúnlé Ajásìn ní Àkùngbá, áyọ́ọ̀nù àti ìkòkò oníná fún ìyá, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé. Ṣùgbọ́n iná ọ̀dọ̀ wọn àti tiwa lè má dọ́gba.

Agbára iná ilé wa ní Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní fólítéèjì, jẹ́ 230. Ti Ìlú Ọba náà jẹ́ 230, pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan náà la sì jọ ń lò. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120 péré, ẹsẹ̀ pílọ́ọ̀gì wọn sì rí pẹlẹbẹ. Áyọ́ọ̀nù tí wọ́n ṣe fún 120, bí a bá so ó mọ́ 230, ooru rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Yóò jó, ó sì lè dá iná sunlé.

Báwo la ṣe máa mọ̀? Ẹ yí ṣájà padà, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síwájú INPUT. Bí ó bá jẹ́ 100-240V, 50/60Hz, ẹ má fòyà: yóò bá iná wa mu fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ṣájà kọ̀ǹpútà alágbèéká rí. Bí ó bá jẹ́ 110V tàbí 120V nìkan, ẹ má so ó mọ́ iná láìsí tíransífọ́mà tó ń dín agbára iná kù, èyí tí wọ́ọ̀tì rẹ̀ ju ti ohun èlò náà lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé: àdápítọ̀ kékeré tí wọ́n ń tà lọ́jà, ẹsẹ̀ pílọ́ọ̀gì nìkan ló ń yí padà, kò dín agbára iná kù rárá. Àwọn mìíràn a máa fi bírò ti ihò òkè sọ́kẹ́ẹ̀tì kí pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè wọlé. Ewu ńlá ni.

Ìyá tó ń lọ wẹ ọmọ tuntun ní Amẹ́ríkà náà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Áyọ́ọ̀nù tó bá gbé láti ilé kò ní gbóná dáadáa níbẹ̀, ṣùgbọ́n ṣájà fóònù rẹ̀, bí wọ́n bá kọ 100-240V sí i, àdápítọ̀ nìkan ló nílò.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá pè pé òun fẹ́ ra ohun èlò oníná ránṣẹ́, ẹ ní kó kọ́kọ́ ka fólítéèjì rẹ̀ fún yín lórí fóònù. Ìyẹn kò ná an ní kọ́bọ̀.