Rírẹ Máṣìnì Sílẹ̀ Láti Ẹ̀yìn: Ohun Tí Sẹ̀ǹtímítà Mẹ́ta Ń Yí Padà

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tólẹ̀ lórí máṣìnì kì í rí wàhálà nígbà tó bá ń sáré. Ìgbà tó bá fẹ́ dúró ni wàhálà ń dé. Ọkọ̀ há ní Tákíẹ́, ẹsẹ̀ òsì ń wá ilẹ̀, ilẹ̀ kò sí, irin tó ju 100 kìlógíráàmù lọ sì ti ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹni tí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀mejì láàárín Under G àti géètì LAUTECH yóò lọ bá mẹ́káníìkì, yóò ní kó bá òun rẹ ẹ̀yìn máṣìnì sílẹ̀ díẹ̀.

Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn máṣìnì kì í dá wálẹ̀ láìfa nǹkan mìíràn dání.

Bajaj Boxer àti ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tó wà nígboro wa ní ṣọ́ọ̀kì méjì lẹ́yìn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Orí ṣọ́ọ̀kì so mọ́ férémù lábẹ́ ìjókòó, ìdí rẹ̀ so mọ́ swingarm, ìyẹn irin gígùn méjì tó di táyà ẹ̀yìn mú. Sípíríǹgì ló ń gbé ẹrù. Ọ̀pá ọlọ́ìlì tó wà láàárín rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí máṣìnì máa jó lẹ́yìn tó bá jáde nínú kòtò. Àwọn máṣìnì ńlá tí àwọn òyìnbó fi ń rìnrìn àjò, bíi Suzuki V-Strom 650 tàbí Kawasaki KLR650, ní ṣọ́ọ̀kì kan ṣoṣo láàárín, pẹ̀lú àwọn irin kéékèèké tó so ó pọ̀ mọ́ swingarm. Ẹni tó bá fẹ́ kí tirẹ̀ wálẹ̀ kàn máa ń fi irin tó gùn díẹ̀ sí i rọ́pò wọn ni. Boxer kò ní irú irin bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ọwọ́ mẹ́káníìkì yóò lọ sára sípíríǹgì, tàbí gígùn ṣọ́ọ̀kì, tàbí ibi tí wọ́n ti fi bóòtù dè é.

Gígé sípíríǹgì ló burú jù. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ó ká nígbà 10, wọ́n wá gé méjì kúrò. Mẹ́jọ tó kù ni yóò máa pín ẹrù kan náà, nítorí náà sípíríǹgì yóò le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìdá 25 nínú 100. Máṣìnì wálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ẹni tó jókòó sórí rẹ̀ ni yóò jẹ ìyà rẹ̀. Ọ̀pá àárín kò sì kúrú: bí táyà bá fò kúrò nílẹ̀, sípíríǹgì á máa mì nínú ilé rẹ̀, ó sì lè jókòó wọ́. Tó bá jẹ́ iná gáàsì ni wọ́n fi gé e, irin ibẹ̀ ti pàdánù líle tí iléeṣẹ́ fún un.

Ṣọ́ọ̀kì kúkurú sàn jù ú lọ, bí ìrìn rẹ̀ náà bá kúrú. Bí ìrìn rẹ̀ bá gùn bíi ti àkọ́kọ́, táyà yóò gòkè kọjá ibi tó ń dé tẹ́lẹ̀, yóò sì máa ha mọ́gáàdì nígbà tí ẹrù bá wà lẹ́yìn.

Ọ̀nà kẹta ló ń tan àwọn èèyàn jẹ, torí kò sí ohun tí wọ́n gé. Wẹ́dà á jó ojú ihò tuntun mọ́ swingarm, á sún ìdí ṣọ́ọ̀kì sẹ́yìn, ṣọ́ọ̀kì á wá dùbúlẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Irú ẹ̀ ni wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà fún Harley-Davidson Sportster. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì tó dúró ṣánṣán ń fún bí táyà bá ṣe gòkè tó. Èyí tó dùbúlẹ̀ kì í fún tó bẹ́ẹ̀, agbára tó sì dá padà, apá kan rẹ̀ nìkan ló ń ti máṣìnì sókè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìdùbúlẹ̀ náà ń gba owó orí: cosine lọ́nà cosine. (Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tó ti gbàgbé Statics, ẹ má bínú.) Bí ṣọ́ọ̀kì bá fi dígírì 20 yà kúrò ní òòró, iye yẹn jẹ́ 0.88. Bó bá di dígírì 40, ó di 0.59. Ìdá kan nínú mẹ́ta agbára sípíríǹgì ti lọ, bẹ́ẹ̀ sípíríǹgì ọ̀hún ṣì wà bó ṣe wà. Ẹnì kan lórí títì dídán lè má fura. Èrò méjì lẹ́yìn ọlọ́kadà, lórí ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ níbi tí tírélà tó ń lọ Òkè Ọya ti lu títì ní kòtò, yóò fura. Ṣọ́ọ̀kì á tẹ̀ títí yóò fi kanlẹ̀, kòtò tó kàn á sì bá irin pàdé irin.

Iwájú ńkọ́? Bí àárín táyà méjèèjì bá jẹ́ mílímítà 1,300, tí ẹ̀yìn sì wálẹ̀ ní 30, imú máṣìnì yóò gbé sókè ní nǹkan bí dígírì 1.3. Iná iwájú tí ń tàn sójú ọ̀nà ní mítà 20 yóò fi sẹ̀ǹtímítà 46 gòkè, yóò máa wọ ojú ẹni tó ń bọ̀. Fọ́ọ̀kì iwájú yóò túbọ̀ fì sẹ́yìn, ọwọ́ á sì wúwo láti yí nígbà tí máṣìnì bá ń rọra lọ. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹni kúkurú fẹ́ kó fúyẹ́. Lórí máṣìnì ńlá, wọ́n lè sún ọ̀pá fọ́ọ̀kì gòkè díẹ̀ kí iwájú náà wálẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ máṣìnì kékeré, bóòtù orí ló dì í pa, kò ṣeé sún. Sítáǹdì ẹ̀gbẹ́ á ti gùn jù, máṣìnì á fẹ́ ṣubú sápá ọ̀tún. Ṣéènì náà ń fẹ́ àtúnwò, kí ẹni tó ń gùn ún sì wà lórí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wò ó.

Èmi yóò kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó ń rán ìjókòó. Kí wọ́n dín fóòmù kù ní sẹ̀ǹtímítà méjì, kí wọ́n sì fá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níwájú, níbi tí itan ń gbà kọjá. Ìjókòó tó fẹ̀ ń jẹ gígùn ẹsẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èyí tó ga ṣe ń jẹ ẹ́. Bàtà tí ìdí rẹ̀ nípọn á fi díẹ̀ kún un. Kò sì pọn dandan kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀: iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ kan tó múlẹ̀ dáadáa tó.

Bó bá ṣì ku díẹ̀, ẹ mú téèpù. Ẹ wọn láti bóòtù àárín táyà ẹ̀yìn dé àmì kan lára férémù nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí lórí rẹ̀, nígbà tí ẹ bá jókòó, àti nígbà tí èrò bá kún un. Ẹ wá wo iye tó kù kí ṣọ́ọ̀kì tó kanlẹ̀. Inú èyí tó kù yẹn ni sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta tí ẹ fẹ́ gé ti máa jáde.