"Oògùn Yìí Ń Bá Mi Jà": Ìyàtọ̀ Láàrin Ìnira Mẹ́ta Tí Ó Máa Ń Tẹ̀lé Ìyípadà Ìwọ̀n Oògùn Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn

1.0 Ìfáárà

Gbólóhùn kan wà tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn, tàbí ẹni tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ìwọ̀n oògùn rẹ̀ padà: "Oògùn yìí ń bá mi jà." Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú bébà yìí ni láti fi hàn pé, ní ti oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ohun mẹ́ta tí kò jọ ara wọn ni gbólóhùn kan ṣoṣo yìí dúró fún, pé ohun tí ó yẹ kí a ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yàtọ̀, àti pé àìlè yà wọ́n sọ́tọ̀ lè mú kí aláìsàn da oògùn nù ní ọjọ́ tí kò yẹ kí ó dà á nù.

Alaba Rago, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́, lẹ́bàá òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì, ni a ó ti mú àpẹẹrẹ wa. Orúkọ ọjà náà fúnra rẹ̀ sọ irú àwùjọ tí ó wà níbẹ̀, nítorí àgbò ni "rago" ní èdè Haúsá. Haúsá, Yorùbá, Ẹ̀gùn àti Ìgbò ni wọ́n ń pàdé ní agbègbè náà. Níbi tí èdè ti pọ̀ tó báyìí, tí aláìsàn àti oníṣègùn lè má gbọ́ èdè kan náà dáadáa, ẹni tí kò ní ju gbólóhùn kan lọ fún ìnira mẹ́ta lè gba ìmọ̀ràn tí kò bá ìnira rẹ̀ mu.

2.0 Àìsàn náà àti oògùn rẹ̀

Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kì í ṣe àìsàn òyìnbó. Ìwádìí tí Leighton, Lambo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe láàrin àwọn Yorùbá ní agbègbè Abẹ́òkúta, èyí tí a tẹ̀ jáde ní 1963, bá àwọn àmì rẹ̀ pàdé. Ní ti oògùn, ní 1957 ni Roland Kuhn, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ròyìn iṣẹ́ imipramine. Amitriptyline tẹ̀lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Fluoxetine sì gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 1987. Amitriptyline àti fluoxetine wà nínú àwọn oògùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kà sí kòṣeémáàní.

Ohun kan ni ó ṣòro jù fún aláìsàn láti gbà nípa àwọn oògùn wọ̀nyí: ìnira wọn máa ń ṣáájú àǹfààní wọn. Ìnira lè dé ní ọjọ́ kìíní. Àǹfààní sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, nígbà mìíràn mẹ́fà, kí ó tó hàn. Ẹni tí ó bá ṣe ìdájọ́ oògùn ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ìgbà tí oògùn náà burú jù ni ó ṣe ìdájọ́ rẹ̀.

3.0 Ìnira mẹ́ta

3.1 Ìnira ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ti àfikún. Ká ní ẹnì kan ń ta àgbò ní Alaba Rago. Dókítà ní kí ó máa lo amitriptyline 25 mg lálẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó sọ ọ́ di 50 mg. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹnu rẹ̀ gbẹ, oorun ń kùn ún, ìgbẹ́ rẹ̀ le, òòyì sì ń kọ́ ọ bí ó bá dìde lójijì láti di àgbò mú. Ní ti fluoxetine, ìrìndọ̀, orí fífọ́, àìróorunsùn àti àìfarabalẹ̀ ni a sábà ń rí. Púpọ̀ nínú ìnira wọ̀nyí máa ń rọlẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì bí ara ti ń mọ́ oògùn náà.

3.2 Ìnira ìdínkù. Èyí ni ó máa ń dé nígbà tí a bá dín oògùn kù tàbí tí a dá a dúró lójijì. Láàrin ọjọ́ díẹ̀ ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀: òòyì, àlá burúkú, ìbínú òjijì, ara gbígbọ̀n, àti ohun kan nínú orí tí àwọn aláìsàn ń fi wé ìgbà tí iná mànàmáná bá gbé ènìyàn. Fluoxetine máa ń pẹ́ nínú ara, nítorí náà ìnira rẹ̀ kì í sábà le tó ti paroxetine tàbí venlafaxine, tí wọ́n tètè ń kúrò lára. Ní 2019, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yí èrò wọn padà, wọ́n sì gbà pé ìnira yìí lè le, ó sì lè pẹ́ fún àwọn kan.

3.3 Ìpadàbọ̀ àìsàn. Èyí kì í sábà dé wéré. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń wọlé, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù: ìbànújẹ́ àtijọ́ padà, oúnjẹ kò wu ènìyàn mọ́, iṣẹ́ kò wù ú ṣe. Àmì tí a fi ń dá a mọ̀ nìyí: ìnira ìdínkù tètè dé, ó máa ń mú ohun tuntun bíi òòyì wá, ó sì sábà máa ń lọ kíákíá bí a bá dá ìwọ̀n oògùn padà, àìsàn tí ó padà kò ní irú ìrìn bẹ́ẹ̀.

4.0 Ohun tí a lè ṣe

Fún ìnira ìbẹ̀rẹ̀, sùúrù pẹ̀lú ìtọ́jú ni. Kí a máa mu omi lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, kí a máa jẹ èso àti ẹ̀fọ́ nítorí ìgbẹ́ líle, kí a rọra máa dìde láti orí ibùsùn, kí a má sì wa ọkọ̀ títí a ó fi mọ bí oorun oògùn náà ti pọ̀ tó. Ẹni tí ó ń gbààwẹ̀ Rámádáànì ní láti bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀: oògùn àárọ̀ lè bọ́ sí àkókò sààrì, ti alẹ́ sì lè wà lẹ́yìn ìṣínu.

Fún ìnira ìdínkù, ìrọra ni oògùn rẹ̀. Horowitz àti Taylor ṣe àlàyé ní 2019 pé agbára irú oògùn bíi fluoxetine àti citalopram lórí ọpọlọ kì í dín kù bákan náà bí a ti ń dín ìwọ̀n rẹ̀ kù. Ìdínkù láti 20 mg sí 10 mg kéré sí ìdínkù láti 5 mg sí òdo. Nítorí náà, bí a ti ń sún mọ́ òpin ni ìṣísẹ̀ wa gbọ́dọ̀ máa kéré sí i. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Fún ìpadàbọ̀ àìsàn, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí a tètè padà sí, nítorí ó lè jẹ́ pé àkókò àtidín oògùn kù kò tíì tó.

Ohun mẹ́rin kan gbogbo wọn. Èkíní, ìyípadà kan ṣoṣo ni kí a ṣe lẹ́ẹ̀kan, kí a sì kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Èkejì, kí a má ṣe lo tramadol tí wọ́n ń rù kiri pẹ̀lú oògùn wọ̀nyí, nítorí àpapọ̀ wọn lè fa ibà, gbígbọ̀n àti ìdàrúdàpọ̀ ọkàn. Ẹ̀kẹta, kí a pa amitriptyline mọ́ kúrò lọ́wọ́ ọmọdé, nítorí àlòjù rẹ̀ ń ṣe ọkàn-àyà ní jàǹbá. Ẹ̀kẹrin, bí èrò àtipa ara ẹni bá dé, bí ènìyàn bá dákú, bí kò bá lè tọ̀, tàbí bí inú rẹ̀ bá ń dùn rékọjá ààlà tí kò sì sùn, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Ìkìlọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà fi sára oògùn wọ̀nyí ní 2004, tí ó sì mú gbòòrò ní 2007 títí dé ọmọ ọdún 24, fi hàn pé ní ìbẹ̀rẹ̀ àti nígbà ìyípadà ìwọ̀n ni ó yẹ kí a ṣọ́ àwọn ọ̀dọ́ jù.

5.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé "oògùn yìí ń bá mi jà" kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ìbéèrè ni. Ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀? Kí ni a yí padà ṣáájú rẹ̀? Ṣé ohun tuntun ni, àbí ohun àtijọ́ ni ó padà? Ìbéèrè mẹ́ta yìí kò nílò ju èdè ojoojúmọ́ lọ, yálà ní Yorùbá tàbí ní Haúsá, ẹni tí kò kàwé sì lè dáhùn wọn. Bí olùtọ́jú bá bi aláìsàn ní ìbéèrè wọ̀nyí kí ó tó sọ fún un pé kí ó fi oògùn sílẹ̀, tàbí kí ó fara dà á, ìmọ̀ràn tí ó bá fún un yóò bá ìnira rẹ̀ mu.