Àyè Ìyá Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Ọmọ

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá ìyá lè sùn ti ọmọ rẹ̀ ní ọsibítù. Ibi tí ọmọ bá wà ni ìyá wà. Bí wọ́n bá ti dá ọmọ dúró báyìí, ẹnì kan á sáré lọ sílé lọ kó ẹní, aṣọ ìbora, fúláàsì omi gbígbóná àti kúlà oúnjẹ wá. Ìyá á tẹ́ ẹní sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, tàbí kó jókòó sùn lórí àga onírọ́bà. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ìyá àgbà á dé láti gbà á sílẹ̀ kó lè lọ wẹ̀. Lójú wa, bí ayé ṣe rí nìyẹn. Àfi kéèyàn ka ìtàn ilé ìwòsàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó tó mọ̀ pé ìjà ni àwọn kan jà kí wọ́n tó rí ohun tí à ń ṣe láìronú kàn án yìí.

Títí di nǹkan bí ọdún 1950, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní Lọ́ńdọ̀nù kì í jẹ́ kí òbí rí ọmọ wọn ju wákàtí díẹ̀ lọ lọ́sẹ̀. Wọ́n ní bí ìyá bá wá, tó bá ń lọ, ọmọ á sunkún, ariwo á gba gbogbo wọ́ọ̀dù; bí kò bá wá, ọmọ á dákẹ́. Ọmọ a sì máa dákẹ́ lóòótọ́. James Robertson, tó ń ṣiṣẹ́ ní Tavistock Clinic, ló fi hàn pé ìdákẹ́ yẹn kì í ṣe ti àlàáfíà. Ní 1952 ó gbé fíìmù kan jáde nípa ọmọbìnrin ọlọ́dún méjì tó lo ọjọ́ mẹ́jọ ní ọsibítù nítorí iṣẹ́ abẹ ìdodo. Ẹkún ọmọ náà kò pọ̀. Ojú rẹ̀ ló ń ròyìn ohun tí ọkàn rẹ̀ ń rí. Inú bí ọ̀pọ̀ oníṣègùn tó kọ́kọ́ wo fíìmù náà. Ṣùgbọ́n ní 1959, ìgbìmọ̀ tí Sir Harry Platt ṣe alága rẹ̀ sọ fún ìjọba pé kí òbí máa rí ọmọ wọn nígbà tó bá wù wọ́n, kí wọ́n sì jẹ́ kí ìyá bá ọmọ sùn, pàápàá ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Àwọn òbí tún ní láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1961, nítorí àwọn wọ́ọ̀dù kan ń fẹsẹ̀ falẹ̀.

Bí a bá dá ọ̀rọ̀ dúró síbi yìí, Ìjẹ̀bú ló borí. N kò fẹ́ dá a dúró síbẹ̀. Ìyá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì lóòótọ́, kí ni wọ́n ń fi í ṣe? Ní ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù ìjọba nílẹ̀ wa, ẹni à ń rán níṣẹ́ ni. Òun ló ń mú ìwé sáré lọ sí fámásì, òun ló ń ra síríǹjì, ìbọ̀wọ́ àti omi dírípù, òun ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ ọmọ lọ sí láàbù. Wọn kò mọ orúkọ rẹ̀. "Ìyá bẹ́ẹ̀dì kẹfà, ẹ ò tíì ra oògùn yẹn ni?" Tí dókítà àgbà bá wá fẹ́ yípo wọ́ọ̀dù, àṣẹ á jáde pé kí gbogbo ìyá bọ́ síta. Ìgbà tí wọ́n bá ń sọ ohun tó ń ṣe ọmọ rẹ̀ gan-an, ojú fèrèsé ló ti ń yọjú wò wọ́n. Ìyá ti Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ń lé síta láyé àtijọ́ ló wá ń jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ dókítà lónìí, tó ń gbé ọmọ sórí itan nígbà tí wọ́n bá ń wá iṣan tí wọ́n máa gún. Ohun kan ṣoṣo tí mo rò pé ó ń jowú wa fún ni ìyá àgbà tó ń bọ̀ láàárọ̀ yẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyá ti Lọ́ńdọ̀nù nìkan ló máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, kí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó kù nílé sì máa jẹ ẹ́ lọ́kàn.

Bí nọ́ọ̀sì ṣe ń bá ìyá yìí sọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì. Ibi tí àánú nọ́ọ̀sì ti ń di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni gìrì. Ara ọmọ gbóná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ojú yí. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, àwọn ará ilé ti ṣe nǹkan: ó lè jẹ́ àgbo, ó sì lè jẹ́ àdàlú ìtọ̀ màálù àti ewé tábà tí àwọn àgbà fi ń wo gìrì. Ó pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ní Ìbàdàn ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àdàlú yìí lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀ débi tó fi máa dákú. Nítorí náà, òtítọ́ ni nọ́ọ̀sì nílò kíákíá. Nọ́ọ̀sì kan á figbe ta: "Kí lẹ fún un? Ṣé ẹ fẹ́ pa ọmọ ni?" Ìyá á ní àwọn ò fún un ní nǹkan kan. Òmíràn á sọ pé: "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ṣọlá. Ẹ ti gbé e dé ibi tó yẹ. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ti lò fún un nílé? A ò ní bá yín wí, a fẹ́ mọ ohun tó kàn láti ṣe ni." Ìyá á wo ojú ìyá ọkọ rẹ̀, á ní, "Sísítà, wọ́n fún un ní ìtọ̀ màálù, ṣíbí méjì." Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n á yẹ ṣúgà ọmọ wò. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó; ní wọ́ọ̀dù ọmọdé, ọmọ ni ọfà yẹn máa ń bà. Nọ́ọ̀sì tó pariwo náà sì rò pé ọmọ lòun ń gbèjà.

Ṣé ọkàn nọ́ọ̀sì tòkè òkun wá rọ̀ ju ti nọ́ọ̀sì wa lọ ni? Tiwa pọ̀ nínú wọn! Ní 1946 ni Kofoworola Abẹ́ní Pratt bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó pa dà wálé, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di mátírọ́n UCH Ìbàdàn. Lónìí, àlọ ló pọ̀ ju àbọ̀ lọ. Nígbà tó fi máa di 2024, àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tó kọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà tí orúkọ wọn wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ju 10,000 lọ. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní oníjàgídíjàgan níhìn-ín, tó ń dá ṣọ́ wọ́ọ̀dù lóru pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì, tí ẹbí aláìsàn ti bú nítorí oògùn tí ìjọba kò rà, á débẹ̀, wọ́n á máa yìn ín pé onísùúrù ni. Níbẹ̀, àwọn ọmọ tó ń tọ́jú dín kù, iná wà, oògùn wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Mo gba àwíjàre yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Owó wo ni wọ́n ń ná kí wọ́n tó béèrè orúkọ ìyá? Ìmẹ̀sí-Ilé kò lówó nígbà tí Dókítà David Morley, tó dé Wesley Guild Hospital ní Iléṣà ní 1956, ṣètò kíníìkì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún síbẹ̀. Dókítà kò pọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n ń fi àmì ìwọ̀n rẹ̀ sórí káàdì, wọ́n sì ń fi káàdì náà lé ìyá lọ́wọ́ pé kó máa gbé e lọ sílé. Àwọn onímọ̀ rò pé á sọnù. Àwọn ìyá tọ́jú rẹ̀, káàdì yẹn sì tàn ká ayé. Ẹni tí wọ́n fún ní ìwé ọmọ rẹ̀ kì í tún ṣe ẹni à ń rán níṣẹ́ lásán.

Ẹ wá wo ìyá tí wọ́n ní kó máa gbé ọmọ láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ṣàgámù, sí ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1986. Lẹ́tà á wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú àpòòwé tí wọ́n ti lẹ̀ pa, kò sì ní mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òbí lè gba ẹ̀dà lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Mo mọ àwọn nọ́ọ̀sì níhìn-ín tí kì í jẹ́ kí ìyá wọ mọ́tò láìsọ fún un: "Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ló lọ sílẹ̀, Ìyá Ṣọlá, wọ́n máa fún un ní ẹ̀jẹ̀ tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín. Tó bá tún gbọ̀n lójú ọ̀nà, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu o."