Nana Phadnavis: Àgbéyẹ̀wò Agbára Akọ̀wé Owó nínú Ìjọba Maratha

Ìfáàrà
Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí ni ipò tí Nana Phadnavis (1742–1800) dì mú láàrin àwọn Maratha ní ìwọ̀-oòrùn Íńdíà. Balaji Janardan Bhanu ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Phadnavis jẹ́ oyè ìdílé ẹni tí ń tọ́jú ìwé ìṣirò owó fún Peshwa, olórí ìjọba tí ó fi Pune ṣe ibùjókòó. Nana kì í ṣe ọba, kì í sì í ṣe jagunjagun. Báwo ni akọ̀wé owó ṣe wá di òpómúléró ìjọba?

Bí ó ṣe dé ipò
Ní 1773, wọ́n pa Peshwa Narayanrao ní ààfin rẹ̀, Raghunathrao, àbúrò bàbá rẹ̀, sì gba oyè. Nana àti àwọn ìjòyè mìíràn dá ìgbìmọ̀ tí a mọ̀ sí Barbhai sílẹ̀ láti ta kò ó. Nígbà tí opó Narayanrao bí ọmọkùnrin ní oṣù Kẹrin 1774, wọ́n fi ọmọ ọwọ́ náà, Sawai Madhavrao, jẹ Peshwa. Díẹ̀díẹ̀ ni agbára adelé bọ́ sí Nana lọ́wọ́.

Ọ̀nà tí ó fi ṣe ìjọba
Nana mọ ohun tí ń wọlé àti ohun tí ń jáde nínú àpò ìjọba. Ó sì ní àwọn amí àti akọ̀wé tí ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí i láti ààfin àwọn ọba mìíràn. Nígbà tí Raghunathrao sá tọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì Bombay lọ ní 1775, ogun bẹ́ sílẹ̀. Ní 1780, Nana fa Nizam ti Hyderabad àti Hyder Ali ti Mysore, ọ̀tá àtijọ́, mọ́ra láti dojú kọ Gẹ̀ẹ́sì. Àdéhùn Salbai (1782), tí Mahadji Shinde ṣe alágbàwí rẹ̀, fi òpin sí ogun náà, Gẹ̀ẹ́sì sì kọ Raghunathrao sílẹ̀.

Àléébù rẹ̀
Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó fínnífínní, a ó rí i pé Nana kò jẹ́ kí Peshwa tí ó tọ́ dàgbà fúnra rẹ̀ ṣe ìjọba. Ní oṣù Kẹwàá 1795, Sawai Madhavrao, ọmọ ọdún 21, já bọ́ láti òkè ààfin, ó sì kú. Àwọn kan ní ó pa ara rẹ̀ ni. Àwọn mìíràn ní èèṣì ni. Baji Rao Kejì, ọmọ Raghunathrao, ni ó jogún oyè. Daulatrao Shinde tilẹ̀ fi Nana sí àtìmọ́lé kí ó tó tún padà sípò.

Ìgúnlẹ̀
Nana kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta 1800. Kò pé ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà tí Baji Rao fi ọwọ́ sí àdéhùn Bassein, tí ó sọ ọ́ di ẹni abẹ́ ààbò Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1818, oyè Peshwa parẹ́. Àwọn kan fi Nana wé Machiavelli. Lójú tiwa, ọgbọ́n àrékérekè kọ́ ni kókó ọ̀rọ̀ náà. Ìmọ̀ tí ó gbé ìjọba ró wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, kò sì sí ẹni tí a kọ́ láti gbà á. Igi kan kì í dá igbó ṣe.