Iyì ló ń gbọ̀n, ìka kọ́: Ohun tó ń já àgbàlagbà láyà nídìí píánò

Ẹ jẹ́ kí á mú bàbá kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó sì ti dúró níwájú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ilé-ìwé láràárọ̀ tí ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rí. Nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ jáde, ó ra píánò kékeré tó ń lo iná mànàmáná, ó sì bẹ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn pé kó wá máa kọ́ òun. Bó bá dá wà nínú yàrá, orin ìyìn kan wà tó máa ń tẹ̀ já láìsí àṣìṣe. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ rẹ̀ ṣáà ti fa àga jókòó tì í, ọwọ́ rẹ̀ á tutù bí omi àmù, ìka á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, orin tó mọ̀ lánàá á sì di ohun tí kò rí rí.

Ẹni tó bá ti dàgbà kó tó dán píánò wò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà. Ọ̀pọ̀ ló ti torí ẹ̀ pa píánò tì, tí aṣọ ń bò ó ní kọ̀rọ̀ pálọ̀, tí wọ́n sì ń sọ fún ara wọn pé ìka àwọn ti gan jù, pé iṣẹ́ ọmọdé ni. Wọ́n ṣì í mú. Lóòótọ́, ìka àgbà kì í yá bíi ti ọmọdé, ṣùgbọ́n ìka yìí kan náà ló tẹ orin ọ̀hún já nígbà tí kò sẹ́nì kankan nítòsí. Bó bá jẹ́ pé ìka ló gan, ì bá gan nígbà náà pẹ̀lú. Ohun kan ṣoṣo tó yí padà ni pé ẹnìkan ń gbọ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara kò le láti yéni. Nígbà tí ẹ̀rù bá bani, ara máa ń tú èròjà kan tí àwọn oníṣègùn ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Ìmúra ìjà tàbí eré sísá ni. Ọkàn á máa sáré, ẹ̀jẹ̀ á fi awọ ara àti ọmọ ìka sílẹ̀, á gba ibi àwọn iṣan ńláńlá lọ, òógùn á sì bo àtẹ́lẹwọ́. Èyí dára fún ẹni tó pàdé ejò lóko. Kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ fi ìka tó kéré jù tẹ kíì dúdú. Ara kò mọ̀ pé orin lásán ni. Ohun tó mọ̀ ni pé nǹkan kan wà tí olówó rẹ̀ ń bẹ̀rù àtipàdánù.

Iyì ni nǹkan náà. Ọmọ ọdún méje tó bá ṣi kíì tẹ̀ á rẹ́rìn-ín, á tún un tẹ̀, nítorí kò tíì mọ bó ṣe yẹ kó dún. Àgbà mọ̀. Ó ti fi àádọ́ta ọdún kọ orin náà nínú ìjọ, báàsì rẹ̀ wà lórí rẹ̀ bí orúkọ ara rẹ̀. Etí rẹ̀ ti dàgbà, ìka rẹ̀ ṣì ń rákò, gbogbo àṣìṣe tí ìka bá sì ṣe ni etí ń gbọ́. Bákan náà, àwòrán atẹdùùrù tó wà lọ́kàn àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣe ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Irú T. K. Ekundayo Phillips ni wọ́n ń rántí, ẹni tó wà nídìí dùùrù Cathedral Church of Christ, Marina, l'Ékòó, láti 1914 títí di 1962, tàbí Fela Sowande, tí wọ́n bí ní 1905, tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ akọrin lábẹ́ Phillips láti kékeré kí òkìkí rẹ̀ tó kàn dé Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, tó wá ń fi ara rẹ̀ wé irú àwọn bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń wá ohun tí yóò já a láyà.

Ti olùkọ́ tún wà níbẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, kò rọrùn kí ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún máa sọ fún ẹni tó tó bàbá rẹ̀ í bí pé kò ṣe é dáadáa. Ọmọ náà á dọ̀bálẹ̀ kí i, á ní ẹ kú iṣẹ́, sà, á sì gbójú fo àṣìṣe náà. Bàbá á rí i lójú rẹ̀ pé ó fi nǹkan pamọ́, àyà rẹ̀ á tún já sí i. Ohun tó dára jù ni kí àgbà fúnra rẹ̀ tú ọmọ náà sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó sọ fún un pé nídìí píánò yìí, akẹ́kọ̀ọ́ ni òun. Kí wọ́n jọ fẹnu kò pé ìwé orin ni olùkọ́ á máa nawọ́ sí, tí á ní ìlà kejì yìí kò tíì délẹ̀, ẹ jẹ́ kí á tún un gbé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ ọ̀hún ló ní ìka, ṣùgbọ́n bàbá ló mọ bí orin náà ṣe máa ń rí lẹ́nu ìjọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwọn ọ̀gá bọ́ nínú rẹ̀. Vladimir Horowitz, tó wà lára àwọn tó mọ píánò tẹ̀ jù lágbàáyé ní ọ̀rúndún tó kọjá, kúrò níwájú èrò ní 1953, ó sì tó ọdún méjìlá kó tó padà. Lọ́jọ́ tó padà sí Carnegie Hall ní New York, nínú oṣù karùn-ún ọdún 1965, ìbẹ̀rẹ̀ orin àkọ́kọ́ gan-an ló ti ṣi kíì tẹ̀, níwájú gbogbo èrò tó ti ń dúró dè é. Kò dúró, kò padà sẹ́yìn lọ tún un ṣe. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ìpadàbọ̀ ọjọ́ náà sì wà lára èyí tí wọ́n ń ròyìn jù nínú ìtàn píánò. Chopin ní tirẹ̀ kò fẹ́ràn gbọ̀ngàn ńlá rárá. Pálọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ ló fẹ́ràn láti máa tẹ píánò.

Ohun tí Horowitz ṣe lọ́jọ́ náà ni akẹ́kọ̀ọ́ kì í fẹ́ ṣe. Nínú yàrá, bó bá ti ṣi ìka, ó ti dúró nìyẹn, á padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá. Bó bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, dídúró ló kọ́, kì í ṣe orin. Ọjọ́ tó bá wá wà níwájú èèyàn, ẹsẹ̀ kan náà ni á gbé. Orin ìyìn onílà mẹ́rin yẹ kó ní ilẹ̀kùn mẹ́rin: kí akẹ́kọ̀ọ́ lè bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kẹta tàbí ìkẹrin láìfẹsẹ̀ kan ti àkọ́kọ́. Kó máa ṣe é bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, kó máa bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú nígbà mìíràn. Bí ó bá wá ṣìnà níta, á mọ ilẹ̀kùn tó máa gbà wọlé. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá kọ̀ délẹ̀delẹ̀, kí ọwọ́ òsì máa tẹ báàsì lọ, nítorí ìjọ lè gbójú fo ohùn tó sọnù, ṣùgbọ́n bí ìwọ̀n ìgbésẹ̀ orin bá fọ́, gbogbo ilé á dàrú.

Gbohùngbohùn etí tí wọ́n ń so mọ́ píánò oníná tún jẹ́ ọ̀rẹ́ tó ń dani. Ó dára lóru kí ará ilé lè sùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi í kọ́ ọ nígbà gbogbo, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀. Kó yọ ọ́ kúrò létí. Kí ìyàwó tàbí ọkọ máa ṣa ẹ̀wà ní pálọ̀ kó máa gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, kó pe ọmọ-ọmọ kan jókòó. Fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀ náà wúlò: kí èèyàn ṣáà ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, àyà á lù kìkì, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ẹ̀rù náà fúnra rẹ̀ ni à ń kọ́ níyẹn, díẹ̀díẹ̀, kó má baà jẹ́ pé ọjọ́ Àìkú ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pàdé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òògùn gba ìṣọ́ra. Àwọn olórin kan nílẹ̀ òkèèrè máa ń lo propranolol, tí àwọn dókítà ń kọ fún àwọn kan tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí ó ń dín ọkàn tó ń sáré àti ọwọ́ gbígbọ̀n kù. Kí àgbàlagbà kankan má ṣe yá a lọ́wọ́ aládùúgbò. Ó léwu fún ẹni tó ní ikọ́ fée, kò sì bá gbogbo ọkàn mu. Dókítà nìkan ló lè sọ ẹni tó tọ́ sí. Ọtí ìgboyà tí àwọn kan ń mu náà, ọkàn ló ń kì láyà, ìka ló ń tàn jẹ.

Nígbà tó bá wá kan kí bàbá wa tẹ orin fún ìjọ, ìsìn àárín ọ̀sẹ̀ ni kó fi bẹ̀rẹ̀, níbi tí èèyàn kì í ti í pọ̀. Kó mú orin tó rọrùn ju èyí tó le jù tó mọ̀ lọ. Bí ọwọ́ bá tutù, kó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan án kó tó jókòó. Kó mí sínú, kó jẹ́ kí èémí tó ń jáde pẹ́ ju èyí tó wọlé lọ, kó ka mẹ́rin sínú, kó wá tẹ ìlà àkọ́kọ́ fún wọn bí àfihàn ohùn. Ìlà yẹn nìkan ni gbogbo ilé máa fetí sí. Bí wọ́n bá ti dìde dúró tí àwọn ìyá gbé ohùn òkè, tí ẹnìkan sì ń fa báàsì lẹ́yìn, ohùn wọn á ti bo píánò mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó dé ẹsẹ kejì.