Ìsọnù àti Ìdànù: Èdè-Ìperí fún Wíwádìí Àléébù Ohùn lórí Tẹlifóònù Ilé-Iṣẹ́

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ fi hàn pé bí ògbufọ̀ bá lo ìsọnù fún méjì nínú àwọn ohun tí ń ba ohùn jẹ́ lórí tẹlifóònù ilé-iṣẹ́, ẹni tí ń wá ìdí àléébù yóò ṣìnà.

Lórí tẹlifóònù tí ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ a máa gé ohùn wẹ́wẹ́, a sì máa dì í ní ìdì-ìdì. Bí ìdì kan bá gba ohùn 20 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá, gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ́pọ̀, ìdì 50 ni yóò gbéra ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í dé bí wọ́n ti gbéra: àlàfo àárín wọn a máa dàrú, èyí tí a pè ní ìdé-ségesège. Nítorí náà ni tẹlifóònù tí ń gbọ́ fi ní àká, níbi tí ìdì ti ń dúró díẹ̀ kí a tó tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá dé lẹ́yìn àsìkò rẹ̀ kò wúlò mọ́. Àká yóò dà á nù.

Ibí gan-an ni ìṣòro wà. RTCP, ìròyìn tí àwọn ẹ̀rọ ń fi ránṣẹ́ síra wọn nípa ìpè, kì í ka ìdì tí ó pẹ́ dé mọ́ èyí tí ó sọnù. Dídé ni ó ṣáà dé. Òṣìṣẹ́ lè rí òdo lábẹ́ ìsọnù nígbà tí oníbàárà ń ráhùn pé ohùn ń já. Ìlànà RFC 3611, ti ọdún 2003, ni ó pèsè ìròyìn tí ó ya iye méjèèjì sọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo èdè wa:

(1) a. Ìwé náà sọnù.
     b. Adé sọ ìwé náà nù.
     d. Adé da omi náà nù.

Gbólóhùn (1b) ní pọ́n-na: ó lè jẹ́ pé Adé kò rí ìwé náà mọ́, ó sì lè jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ jù ú sílẹ̀. Ìsọnù jogún pọ́n-na yìí láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là náà. Ìdànù kò ní in. Ẹnìkan ni ó dà á. Ẹlòmíràn lè sọ pé ohun olómi ni à ń dà nù, ṣùgbọ́n àgbàdo tí ó kù náà ṣeé dà nù. (A ti ro ìkọ̀sílẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ọkàn òǹkàwé yóò lọ sọ́dọ̀ tọkọtaya.)

Bí ìsọnù bá pọ̀, ojú ọ̀nà ni kí a yẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ ìdànù, a lè mú àká gbòòrò, tàbí kí a jẹ́ kí ìdì ohùn ṣíwájú àwọn ìdì mìíràn. Àmọ́ àká tí ó gbòòrò ń fa ìdádúró: ní ìlànà G.114 ti àjọ ITU, ìdádúró lọ́nà kan tí kò ju 150 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kì í sábà dí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́.