Kí Ni À Ń Fi Wéra? Bupivacaine àti Ropivacaine nínú Abẹ́rẹ́ Ẹ̀yìn fún Ìrora Ìrọbí

Ohun tí bébà yìí gbé yẹ̀ wò ni ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ gbà fi oògùn méjì wéra. Rọ́bà tínrín ni a fi ń rọ àwọn méjèèjì sí àlàfo tí ó yí awọ okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ká, kí ìrora ìrọbí má baà dé ọpọlọ. Ṣùgbọ́n ojú kan náà ni iṣan tí ń gbé ìrora àti èyí tí ń gbé ẹsẹ̀ ń gbà kọjá. Oògùn tí ó dí ọ̀nà ti àkọ́kọ́ lè dí ti èkejì, kí ó sì ṣòro fún aboyún láti fi agbára ti ọmọ jáde.

Bupivacaine ni àgbà; ọdún 1957 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Ó máa ń pẹ́ lára, ṣùgbọ́n ó léwu fún ọkàn bí ó bá ṣèèṣì wọ iṣan ẹ̀jẹ̀. Ní 1979, Albright kọ̀wé nípa àwọn tí ọkàn wọn dáwọ́ iṣẹ́ dúró lẹ́yìn irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990 ni ropivacaine dé, tí wọ́n sì ní ó fi ọkàn àti ẹsẹ̀ lọ́rùn sílẹ̀ jù ú lọ.

Níbí ni ó yẹ kí á ti fara balẹ̀. Iye kan náà ni ọ̀pọ̀ àfiwé ìṣáájú lò fún méjèèjì. Ní 1999, Polley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ìwọ̀n tí yóò tó ìdajì àwọn aboyún: wọ́n rí ìdá 0.067 nínú 100 fún bupivacaine, 0.111 fún ropivacaine. Capogna àti àwọn tirẹ̀ rí irú ìyàtọ̀ kan náà lọ́dún yẹn. Èyí já sí pé agbára ropivacaine kò ju nǹkan bí ìdá 6 nínú 10 ti èkejì lọ. A ti ń fi ẹmu tí a bomi là wé ojúlówó, a wá ń yin èyí tí kò pani! Lóòótọ́, ìdajì àwọn aboyún nìkan ni ìwọ̀n yìí ń sọ̀rọ̀ nípa wọn, dókítà kò sì ń tọ́jú ìdajì. Síbẹ̀ ó tó láti mú wa ṣiyèméjì.

Ìwádìí COMET tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó jáde ní 2001, ni ó jọ wá lójú jù. Bupivacaine náà ni wọ́n lò fún gbogbo wọn. Nínú àwọn tí ó gba ìdá 0.25, nǹkan bí 35 nínú 100 ni ó bí wẹ́rẹ́ láìsí irinṣẹ́ tàbí iṣẹ́ abẹ. Nínú àwọn tí wọ́n bomi là á fún, tí wọ́n fi fentanyl díẹ̀ kún un, ó tó 43. Oògùn kò yí padà. Ìwọ̀n rẹ̀ ni ó yí padà. Nítorí náà, ilé ìwòsàn tí kò ní ju bupivacaine lọ, ṣùgbọ́n tí ó mọ bí a ti ń là á, kò pàdánù púpọ̀ lójú tiwa.